Outdoor AC inverter tí kò dáhùn: ọjọ́ mẹ́fà, fíùsì mẹ́ta, IPM méjì

AC ara ògiri ni, inverter (irú èyí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń yí eré kọ̀ǹpirẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì, padà), 1.5 HP, gáàsì R410A. Ó ti lo ọdún márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan ní Challenge, Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ oògùn tó wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ibi tí wọ́n bá ń kó o sí ò gbọdọ̀ gbóná ju 30°C lọ, nítorí náà ìyá oníkẹ́mísì kì í fi ọ̀rọ̀ AC ṣeré. Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ gan-an ni mo kọ sílẹ̀ yìí, títí kan ibi tí ojú ti tì mí.

1. Ọjọ́ Ajé: ohun tí mo bá nílẹ̀

Indoor, ìyẹn èyí tó wà nínú ilé, ń fẹ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn lásán ni. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó gbé kóòdù síta pé òun àti outdoor, èyí tó wà níta, ò gbọ́ ara wọn mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ ti máa ń ṣìnà. A ó sáré pààrọ̀ wáyà, tàbí ká ní bọ́ọ̀dù indoor ti lọ. Kóòdù yẹn ò sọ ju pé "mo pè é, kò dáhùn" lọ. Òkú náà kì í dáhùn.

Mo lọ wọn iná níbi tí wáyà ti wọ outdoor. L sí N (wáyà méjì tí iná ń gbà wọlé): 226 fólìtì. Iná dé ibẹ̀, kò sí ẹjọ́. S (wáyà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) sí N: mítà dúró sójú kan gbagidi. Bí indoor àti outdoor bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nọ́ńbà máa ń lọ sókè sódò níbẹ̀ ni. Mo tú ìdérí, iná pupa kékeré orí bọ́ọ̀dù ò tàn. Mo yọ fíùsì 20A, inú dígí rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Bí fíùsì bá já wẹ́rẹ́ tí dígí rẹ̀ ṣì mọ́, ó lè jẹ́ pé ó gbó ni. Bí dígí bá dúdú, nǹkan kan ti pa iná pọ̀ gidigidi lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ èyí. Mo máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ mi ní èyí. Síbẹ̀, oòrùn mú, ebi ń pa mí, mo sì fi fíùsì tuntun sí i láìwọn nǹkan kan sí i.

Ó dún gbàù! Bírékà já, fíùsì kejì náà dúdú. Ìyá oníkẹ́mísì jáde síta: "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní dáná sun mí mọ́ àárín oògùn báyìí?" Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ya fọ́tò gbogbo wáyà bí wọ́n ṣe wà, mo tú bọ́ọ̀dù, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, mo kọ́kọ́ fa iná tó kù nínú àwọn kapásítọ̀ ńlá jáde. Gílóòbù 100 watt oníwáyà méjì ni mo fi ń ṣe é: ẹsẹ̀ kan sí P (pọ́sítífù iná DC orí bọ́ọ̀dù), ẹsẹ̀ kejì sí N (nẹ́gétífù rẹ̀, kì í ṣe N ti wáyà òde), kí n dúró, kí n sì fi mítà wò ó títí yóò fi wá sísàlẹ̀ 10 fólìtì. Láyé àtijọ́, sukudiráfà ni mo fi ń ṣe é. Ọ̀kan wà nínú àpótí mi tí orí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Mi ò jù ú nù, kí ọmọṣẹ́ mi lè máa rí i.

2. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: bridge kú, gílóòbù sì tàn mí jẹ

Mo gbé mítà sí àmì dáyóòdù. Bridge rectifier, èyí tó ń sọ iná AC di DC, ni mo kọ́kọ́ wò: ẹsẹ̀ AC kan sí ẹsẹ̀ pọ́sítífù, 0.002 ní apá méjèèjì. Èyí tó dáa máa ń fi bí 0.5 hàn ní apá kan, kó má sì fi nǹkan kan hàn ní apá kejì. Bridge ti kú. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ fíùsì tí mo fi tipátipá kì bọ̀ ọ́ lánàá ló parí iṣẹ́ lára rẹ̀.

Mo wo varistor, èyí tó ń gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ iná tó bá ga jù, kò wú, kò sanra. Mo yọ kapásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ 450 fólìtì, 560 µF, mo wọ̀n wọ́n: 541, 548, 536. Wọ́n ṣì le dáadáa. Reactor, ìyẹn okùn kọ́pà wúwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí, ò tó 1 ohm, kò sì kan ara irin. Mo ra bridge tuntun ní ₦3,500, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́lẹ̀.

Mi ò fún un ní iná tààrà mọ́. Mo fa iná gba inú gílóòbù 200 watt, irú èyí àtijọ́ tó ń gbóná, kì í ṣe LED. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tún inverter ṣe tí kò ní gílóòbù yìí lórí tábìlì, owó fíùsì ló ń ná. Bí iná bá pa pọ̀ níbì kan, gílóòbù á tàn rokoṣo, kò ní ṣe bọ́ọ̀dù ní nǹkan. Bí ara bọ́ọ̀dù bá dá, gílóòbù á tàn bí kapásítọ̀ ṣe ń gba iná, á sì ṣú díẹ̀díẹ̀.

Gílóòbù mi tàn, ó sì ṣú díẹ̀díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi lọ ra ẹ̀wà àgànyìn wá.

Ṣùgbọ́n iná pupa orí bọ́ọ̀dù ò tàn. Mo fi mítà sí P àti N, tí ó yẹ kó fi bí 310 fólìtì hàn (iná 220 tí wọ́n bá sọ di DC, tí ẹ fi 1.414 sọ ọ́ di púpọ̀). Mo rí fólìtì 4. Mẹ́rin péré! Mo pa iná, mo fa kapásítọ̀ gbẹ, mo fi ìka kan PTC, èyí tó dà bí àpótí dúdú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ relay (swíìṣì tí bọ́ọ̀dù ń tàn fúnra rẹ̀), ó sì bó mi lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Iṣẹ́ PTC ni pé kó dín iná kù nígbà tí kapásítọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á, kí relay tó wá fò ó kọjá. Bí ó bá gbóná, ó máa ń dínà mọ́ iná. Nínú bọ́ọ̀dù tèmi yìí, ẹ̀yìn bridge ló wà. Nǹkan kan ṣì ń pa iná pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, PTC gbóná, ó ti ọ̀nà pa, gílóòbù mi wá ṣú bí ẹni pé kapásítọ̀ ló kún. Láti ọjọ́ yẹn, bí gílóòbù bá ṣú, mi ò gbà á gbọ́ àyàfi bí mítà bá rí iná ní P àti N.

Ó kan IPM wàyí. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ ni, inú rẹ̀ ni àwọn IGBT mẹ́fà, ìyẹn swíìṣì kéékèèké, wà, tó ń pín iná fún kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ láti ẹnu U, V àti W. Mítà ṣì wà ní àmì dáyóòdù. Mo fi wáyà pupa sí N, mo sì ń fi dúdú kan ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan:

U: 0.44
V: 0.44
W: 0.00

Mo yí i padà, mo fi dúdú sí P, pupa sí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 0.45, 0.44, 0.00. W ti kú lókè àti nísàlẹ̀, òun ló so P pọ̀ mọ́ N.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n má gbàgbé: ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Wáyà inú kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ so ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí ẹyọ kan bá kú, gbogbo wọn á jọ òkú. Nígbà kan, mo fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sọ fún oníbàárà kan pé kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́. Mi ò fẹ́ rántí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe parí.

3. Ọjọ́rú: IPM tí mo ra láìwò

Mo padà sí Challenge láàárọ̀ lọ wọn kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. U sí V 1.2 ohm, V sí W 1.2, U sí W 1.2. Ohun tí à ń wá ni pé kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Mo fi megger 500 fólìtì, mítà tó ń wò ó bóyá iná ń jo, wò ó sí ara irin, ó ju 100 mega-ohm lọ. Kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ ò ní ẹ̀sùn kankan. Bí ó bá jẹ́ òun ló ń jo, IPM tuntun á kàn lọ bá ti àtijọ́ lọ́run ni.

Bọ́ọ̀dù tuntun odindi, ₦165,000 ni wọ́n pè é. IPM nìkan, ₦14,000 lọ́wọ́ ẹnì kan nílùú. Mo ra IPM.

Yíyọ ti àtijọ́ lágara. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kọ́pà ìdí bọ́ọ̀dù sì nípọn, ó ń fa ooru lọ. Mo kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun rin gbogbo ẹsẹ̀ kí ti àtijọ́ lè rọ̀, mo wá ń fi ẹ̀rọ afàlẹ́ẹ̀dì fà á jáde. Ní ẹsẹ̀ kẹrìnlá, mo kánjú, mo gbé e kí ó tó rọ̀ tán, kọ́pà kan sì ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù. Mo fi wáyà tín-ínrín tán an, láti ẹsẹ̀ IPM dé ibi resistor tó kàn. Kò lẹ́wà lójú, ó ń ṣiṣẹ́.

Mo jó IPM tuntun mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo pé, lẹ́ẹ̀dì ń dán. Ìgbà yẹn ni mo tó wá wọ̀n ọ́n. V sí P: 0.00. Ohun tí wọ́n tà fún mi ti kú kí n tó rà á. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi nǹkan pa ara rẹ̀ kó lè jọ tuntun. Ẹni tó tà á ní bí wọ́n bá ti jó nǹkan mọ́lẹ̀, òun kì í gbà á padà. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí n bá sọ náà nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìwọ̀n yẹn ì bá gbà mí níwájú tábìlì rẹ̀.

4. Ọjọ́bọ̀: Alaba

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Alaba ní Ọ̀jọ́, Èkó. Lọ àti bọ̀, oúnjẹ nínú rẹ̀, ₦11,500. Mo gbé mítà dání. IPM àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá, U sí N ń fi 0.31 hàn, àwọn yòókù 0.44. Kò dọ́gba, mo dá a padà. Èkejì dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo san ₦19,000.

5. Ọjọ́ Ẹtì: ó jí ní ṣọ́ọ̀bù, ó kú lára ògiri

Nígbà tí mo ń nu irin híìtì síńkì tí ẹ̀yìn IPM máa ń fara tì, mo rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti ọjọ́ Ajé. Ìpara funfun tó wà láàárín wọn ti gbẹ di ẹ̀ẹ́pá, bí ẹfun àtijọ́. Sukurú kan nínú méjì sì ti dẹ̀. Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi ìpara tuntun (₦2,500) pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ń fún sukurú méjèèjì níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sí ìhín, díẹ̀ sí ọ̀hún, kó má bàa wọ́. Mo ní lọ́kàn pé mo ti rí ohun tó pa IPM nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Gílóòbù tàn, ó ṣú. Mítà ní P sí N: 316 fólìtì. Relay dún kẹ́. Mo wo àwọn iná kéékèèké: 15 fólìtì pé, 12 pé, 5 pé. Iná pupa tàn. Ọmọṣẹ́ mi pàtẹ́wọ́.

A gbé e lọ sí Challenge. Mo so gbogbo wáyà padà àfi ti kọ̀ǹpirẹ́sọ̀, mo tún fa iná gba inú gílóòbù, a tan AC. Iná pupa ò tàn. Ó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ jí tí oorun tún ń gbé lọ. P sí N: 312 fólìtì. Iná ńlá wà, kékeré ni ò sí. Mo wọn 15 fólìtì, ó ń gbìyànjú láti dìde, ó ń ṣubú: 2, 4, 2.

Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí wáyà tín-ínrín tí mo tán. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ní wákàtí méjì sẹ́yìn, kí ló wá yàtọ̀? Àwọn ohun tí a so mọ́ ọn lára ògiri ni. Mo pinnu láti yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń pa bírékà, mo ń fa kapásítọ̀ gbẹ kí n tó yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fa ẹnu wáyà fáànù yọ nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀ o, bọ́ọ̀dù kékeré inú mọ́tò rẹ̀ lè jó.

Mo yọ sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò yí padà. Bí mo ti yọ wọ́n náà, mo wọ̀n wọ́n. Èyí tó wà lára páìpù tó ń jáde látinú kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ jẹ́ 38 kìló-ohm nínú ooru 31°C, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ 50 kìló. Mo yọ okùn EEV, ìyẹn fáàfù tó ń díwọ̀n gáàsì: kò yí padà, 46 ohm ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Mo yọ fáànù.

Iná pupa tàn kedere.

Wáyà márùn-ún ló wà lẹ́nu mọ́tò fáànù náà: pupa fún 310 fólìtì, dúdú fún N ti DC, funfun fún 15 fólìtì, yẹ́lò tí bọ́ọ̀dù fi ń pàṣẹ eré, búlúù tí mọ́tò fi ń jábọ̀. Mo wọn funfun sí dúdú: 41 ohm. Tí ara rẹ̀ bá dá, ó yẹ kó ju ẹgbẹ̀rún ohm lọ dáadáa. Òun ló ń mu 15 fólìtì gbẹ.

Bí mo ti ń bú fáànù lórí àkàbà ni ọmọbìnrin tó ń bá ìyá oníkẹ́mísì tajà yọjú, ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀dá, ṣé fáànù yẹn ni? Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yí díẹ̀, á dúró, á tún yí. Bó bá dúró báyẹn, ẹ̀yìn irin yẹn máa ń gbóná gan-an."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ Ajé, "ìgbà wo ló dákẹ́?" nìkan ni mo bi ìyá oníkẹ́mísì. Mi ò béèrè bó ṣe ń ṣe kó tó dákẹ́. Fáànù yìí kan náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí irin híìtì síńkì. Fáànù ń dúró, ìpara ti gbẹ, sukurú ti dẹ̀, kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ sì ń gbìyànjú àtidìde lójoojúmọ́. IPM ò ní ibi tó fẹ́ sá sí. Ká ní kò jẹ́ pé mọ́tò náà wá kú pátápátá kí n tó so ó padà, ká ní ó ṣì ń yí ségesège, n bá ti gba owó mi lọ, IPM ₦19,000 á sì tún jó láàárín oṣù kan.

6. Ọjọ́ Àbámẹ́ta: fáànù, gílóòbù mẹ́ta, kọ̀ǹpirẹ́sọ̀

Mọ́tò fáànù tòkunbọ̀, ₦28,000. Ohun tí mo fi bá ti àtijọ́ wé ni: iná tó ń lò, wáyà márùn-ún àti ipò wọn lẹ́nu, gígùn ọ̀pá rẹ̀, àti apá ibi tó ń yí sí. Mo wọn funfun sí dúdú kí n tó sanwó. Mo ti kọ́gbọ́n.

Kí n tó fún kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ ní iná, mo so gílóòbù 60 watt mẹ́ta sí U, V, W, mo sì so ẹsẹ̀ kejì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ ara wọn. Fáànù yí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn bàìbàì, wọ́n dọ́gba, wọ́n sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nítorí bọ́ọ̀dù ti mọ̀ pé èyí kì í ṣe kọ̀ǹpirẹ́sọ̀. Kó gbé kóòdù jáde níbẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣókùnkùn tàbí tó mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró.

Mo pa iná, mo fa kapásítọ̀ gbẹ, mo yọ gílóòbù, títí kan èyí tí iná ń gbà wọlé, torí kò lè gbé kọ̀ǹpirẹ́sọ̀. Mo so U, V, W bó ṣe wà nínú fọ́tò ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá gbé wọn yí, kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ lè yí sẹ́yìn. Ó dìde jẹ́jẹ́, láìhó. Iná ní P àti N kúrò ní 316, ó gun 372 nígbà tí PFC, apá bọ́ọ̀dù tó ń gbé fólìtì DC sókè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Clamp meter, mítà tó ń gbá wáyà mú láti wọn áńpù: 1.8 áńpù, 3.1, ó wá dúró sí 5.4. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, atẹ́gùn tó ń wọ indoor jẹ́ 28°C, èyí tó ń jáde jẹ́ 13°C.

Owó

Fíùsì mẹ́ta (ọ̀kan jó, ọ̀kan wà níbẹ̀, ọ̀kan kù) ₦1,500
Bridge ₦3,500
IPM tó ti kú ₦14,000
IPM ti Alaba ₦19,000
Ìpara ₦2,500
Mọ́tò fáànù ₦28,000
Ọkọ̀ ₦11,500

Gbogbo rẹ̀ ₦80,000. Mo gbé ₦14,500 jẹ, ìyẹn IPM òkú àti fíùsì tí mo fi ìkánjú jó. Ìyá oníkẹ́mísì san ₦65,500 àti ₦30,000 owó iṣẹ́. Wọ́n ná an sí ₦25,000, mo ní rárá, wọ́n fún mi ní páálí Vitamin C kan lé e.

Mo tú mọ́tò àtijọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Omi ìpẹtà ló ṣàn jáde lẹ́nu ihò tí wáyà gbà wọlé, kọ́pà bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ẹni tó so ó nígbà náà fa wáyà rẹ̀ wá láti òkè tààrà, omi òjò sì ń tọ wáyà wọlé bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Wáyà ti tuntun, mo jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó wọ inú mọ́tò, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀.

Mo padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò ti rọ̀ dáadáa láàárín rẹ̀. 5.3 áńpù, fáànù ń yí láìdúró. Ọmọbìnrin yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún mi, mo sì kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń ṣe. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, àfi pé indoor ti ń kán omi díẹ̀ láti àná.